Ta Ni Wọ́n Kà, Ta Ni Wọn Ò Kà? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Statistics

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ojú lọ́nà o. Lóṣù tó kọjá la ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nípa statistics, ìyẹn oríṣiríṣi nọ́ńbà tí ìjọba, rédíò àti àwọn tó ń polówó ọjà máa ń kà sí wa létí, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, lẹ́tà sì ń wọlé láti Òmùò títí dé Ẹ̀fọ̀n. A ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn la mú. Ẹ máa rí i pé ìbéèrè kan náà ni mo ń dá padà fún ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé: nínú nọ́ńbà tí wọ́n gbé wá yìí, ta ni wọ́n kà, ta ni wọn ò kà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, Statistics ni wọ́n fún un. Accounting lèmi fẹ́ kó ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé iṣẹ́ ká máa ka èèyàn kiri ilé ni, pé tí ìkànìyàn bá ti parí, iṣẹ́ náà parí nìyẹn. Ṣé kí n sọ fún un pé kó yí i padà?
— Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yí i padà. Kíkà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Ohun méjì gbòógì ni iṣẹ́ yìí wà fún. Àkọ́kọ́, tí nǹkan bá pọ̀ débi pé ojú ò lè kó o tán, ká ní bíi máàkì gbogbo ọmọ tó ṣe WAEC ní Èkìtì lọ́dún kan, oníṣirò á sọ ọ́ di nọ́ńbà díẹ̀ tàbí àwòrán kan ṣoṣo tí èèyàn á wò tó sì máa yé e. Ìkejì ló le jù: kó wo ìwọ̀nba tó rí, kó fi sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ tí ò rí, kó sì tún sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá a lójú tó. Ibi "bó ṣe dá a lójú tó" yẹn la ti ń dá oníṣirò gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń pariwo nọ́ńbà.

Iṣẹ́ náà ò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Láyé ọjọ́un ní London, wọ́n máa ń tẹ ìwé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa iye èèyàn tó kú àti ohun tó pa wọ́n, àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á sọ ọ́ nù. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Graunt ló kó ti ọ̀pọ̀ ọdún jọ, ó jókòó tì í, ó sì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1662. Ibẹ̀ ló ti fi hàn pé ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí máa ń pọ̀ díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ, pé ikú pàápàá ní bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀ téèyàn lè rí tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Oníṣòwò lásán ni o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ tún wo obìnrin bíi ti ọmọ yín. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì tó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Crimea ní 1854, kì í ṣe pé ó gbé àtùpà kiri wọ́ọ̀dù nìkan bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. Ó ń ṣàkọsílẹ̀. Ó ka àwọn tó kú, ó ka ohun tó pa wọ́n, ló bá hàn gbangba pé àìsàn àti ìdọ̀tí inú ọsibítù ló ń pa àwọn ọmọ ogun yẹn ju ọgbẹ́ ogun lọ. Nígbà tó sì mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ò ní ráyè ka tábìlì nọ́ńbà rẹpẹtẹ, ó yà á sí àwòrán ní 1858 kí ojú wọn lè là. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ti London gbà wọlé.

Ní ti oúnjẹ, sà, jíjẹ ń bẹ. National Bureau of Statistics ní Abuja ń gbà wọ́n, àjọ tó ń rí sí ìkànìyàn ń gbà wọ́n, bánkì, iléeṣẹ́ ìbánigbófò, iléeṣẹ́ fóònù, àwọn tó ń ṣèwádìí irúgbìn bíi IITA ní Ìbàdàn, kódà ọsibítù. Ẹ sáà bá mi sọ fún un pé kó mú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kúnkúndùn láti ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìṣirò tí ò mọ kọ̀ǹpútà, ìdajì iṣẹ́ ló mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ kan wá bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àwa mẹ́wàá, ó ní kí kálukú sọ iye tó ń wọlé fún un lóṣù. Ìgbà tí ìwé jáde la rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé average wa jẹ́ ₦180,000. Ẹ gbà mí o! Mẹ́sàn-án nínú wa ni ò rí ₦100,000 lóṣù. Mo ti kọ iye ti kálukú wa sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ṣé irọ́ kọ́ ni ọkùnrin yẹn pa mọ́ wa?
— Àgbẹ̀ oníṣu, Òmùò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kò parọ́ o, àmọ́ ohun tó sọ yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye náà ránṣẹ́, lẹ́tà yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ó jẹ́ ká lè jọ ṣe é lójú gbogbo ayé. Ohun tí ẹ kọ nìyí: ẹnì kan ₦40,000, ẹnì kan ₦45,000, ẹni mẹ́ta ₦50,000 ₦50,000, ẹnì kan ₦55,000, òmíì ₦60,000, òmíì ₦65,000, òmíì ₦85,000, lẹ́yìn náà wá ni ẹni tó ń ra kòkó kiri tó ní lọ́rì, ₦1,300,000.

Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ₦1,800,000 ló máa jẹ́. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́wàá, ₦180,000. Ohun tí wọ́n ń pè ní average gan-an nìyẹn, ìṣirò ẹ̀ pé. Àmọ́ ẹ yọ olówó lọ́rì yẹn kúrò kí ẹ wá pín tàwọn tó kù, ₦500,000 sọ́nà mẹ́sàn-án, ẹ máa rí i pé kò ju nǹkan bíi ₦55,500 lọ. Ẹnì kan péré ló gbé gbogbo yín dé ibi tí ẹsẹ̀ yín ò dé.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣirò fi ní ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń pè ní median. Ẹ sọ fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí wọ́n tò síbì kan, ẹni tówó ẹ̀ kéré jù síwájú, ẹni tó pọ̀ jù sẹ́yìn, kí ẹ wá wo ẹni tó dúró sí àárín. Ẹ̀yin mẹ́wàá ni ẹ jẹ́, torí náà ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà la máa wò, ₦50,000 àti ₦55,000, àárín wọn jẹ́ ₦52,500. Ìyẹn ló jọ ẹgbẹ́ yín! Ohun tó tún wá dáa nínú ẹ̀ ni pé tí olówó lọ́rì bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í rí mílíọ̀nù 13 lóṣù, ẹni àárín ò ní mira, ₦52,500 náà ló ṣì máa jẹ́, nígbà tí average á ti fò lọ sí ₦1,350,000. Ọ̀nà kẹta tiẹ̀ tún wà, mode, ìyẹn iye tó ń wáyé jù, ti yín sì jẹ́ ₦50,000 torí ẹni mẹ́ta ló ń gbà á.

Mi ò ní kí ẹ kórìíra average o. Tí ẹ bá ń wọn gíga àwọn ọmọ kíláàsì kan, ó dáa gan-an, torí kò sí ọmọ tó ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ nígbà ogún. Ọ̀rọ̀ owó, ilẹ̀, ilé, ibi tí ẹnì kan ti lè ní ìlọ́po ìlọ́po ti ẹlòmíì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa bèèrè ẹni àárín. Ẹ sì bèèrè ẹ̀ kíákíá, torí pé ẹni tó fẹ́ pín ajílẹ̀ tàbí owó ẹ̀yáwó á wo ₦180,000 yẹn, á ní ẹgbẹ́ yín ti jẹun yó, á gbé e lọ síbòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Rédíò ní ọ̀wọ́n gógó ti já wálẹ̀ láti 34 sí 24. Gàrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, mi ò rí ohun tó já wálẹ̀. Àwọn oníbàárà tiẹ̀ ń bá mi jà pé èmi ni mi ò fẹ́ gbé owó wálẹ̀, pé ìjọba ti kéde ẹ̀. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn.
— Ìyá onígàrí, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn fún yín, kí ẹ ya ojú ìwé yìí lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí rédíò yẹn kì í ṣe iye ọjà, bí iye ọjà ṣe ń yára gun òkè ni. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ ₦1,000 lọ́dún kan. Ọ̀wọ́n gógó pasẹ́ǹtì 34 á gbé e dé ₦1,340 tó bá di ọdún kejì. Ká wá ní ó "já wálẹ̀" sí pasẹ́ǹtì 24 lọ́dún kẹta, kóńgò kan náà á ti di ₦1,660 ó lé díẹ̀. Pasẹ́ǹtì ló wálẹ̀, owó ṣì ń gòkè, ó kàn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni. Kí gbogbo ọjà tó lè wálẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ níbikíbi láyé.

Ọ̀rọ̀ ti 34 àti 24 yẹn tún ní nǹkan mìíì nínú. Oṣù Kejìlá 2024, National Bureau of Statistics ní ó jẹ́ pasẹ́ǹtì 34.80. Oṣù Kìíní 2025, ó di 24.48. Láàárín oṣù kan? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n yí òṣùwọ̀n padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kó oríṣiríṣi ohun tí ará ilé máa ń ná owó sí jọ, oúnjẹ, owó ilé, ọkọ̀, aṣọ, fóònù, wọ́n á fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tiẹ̀, wọ́n á wá máa wo iye wọn lóṣooṣù. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sún un wá sí 2024. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, ta ló ń ra dátà ní 2009 bí a ṣe ń rà á báyìí? Àmọ́ téèyàn bá ti yí òṣùwọ̀n, kò lè yọ nọ́ńbà tuntun kúrò lára ti àtijọ́ kó wá ní báyìí ni ayé ṣe dẹrùn tó. Nínú òṣùwọ̀n àtijọ́, oúnjẹ gba ju ìdajì lọ, nínú tuntun ó wá sí nǹkan bíi 40 nínú 100.

Ẹ wá rí i, ìyá mi, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè mi ti wọlé. Ìnáwó ta ni wọ́n fi ṣòṣùwọ̀n? Ti gbogbo orílẹ̀-èdè lápapọ̀ ni. Ilé tó jẹ́ pé nínú ₦100 tó bá wọlé, ₦80 ló ń lọ sórí gàrí àti ẹ̀wà, ọ̀wọ́n gógó tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí ti rédíò, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa tí wọ́n bá ní ó ń ta wọ́n lára.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n á ní "ìwádìí fi hàn pé ìdajì ọmọ Nàìjíríà ń ṣe báyìí báyìí", kẹ́ ẹ tó mọ̀, èèyàn 1,000 péré ni wọ́n bi léèrè. Èmi ti lé ní ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan rí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?
— Tíṣà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ó dáa tí ẹ bèèrè, torí ibi tí àwọn èèyàn ti ń bá statistics jà jù nìyí. Ẹni tó fẹ́ ra àpò ẹ̀wà kan ní ọjà kì í da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, sáńpù ló máa bù, ẹ̀kúnwọ́ kan, á wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Tí ẹ̀wà inú àpò yẹn bá pò mọ́ra dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ yẹn ti tó, yálà àpò kan ló fẹ́ rà ni o tàbí lọ́rì kan. Bó ṣe rí pẹ̀lú èèyàn nìyẹn. Tí wọ́n bá fi kèké ṣa èèyàn 1,000, tó jẹ́ pé olúkúlùkù ló ní àǹfààní kan náà pé kí kèké mú òun, ohun tí wọ́n bá rí kì í sábà jìnnà ju nǹkan bíi pasẹ́ǹtì 3 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ sí ohun tí wọn ìbá rí tí wọ́n bá bi gbogbo èèyàn. "Kì í sábà" yẹn túmọ̀ sí ìgbà 95 nínú 100. Ohun tó sì máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́nu ni pé 1,000 yẹn tó fún Èkìtì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà fún gbogbo Nàìjíríà.

Àmọ́ ọlọ́jà tó gbọ́n máa ń to ẹ̀wà tó dáa sókè àpò, àbí? Tí ẹ bá bu sáńpù látòkè nìkan, kódà kẹ́ ẹ bu kóńgò mẹ́wàá, ẹ ò ní rí kòkòrò tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà nìyẹn, Literary Digest, nígbà ìbò ààrẹ 1936. Ìwé ìbéèrè nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tó dá a padà, wọ́n wá kéde pé Landon ló máa wọlé. Ọ̀gbẹ́ni George Gallup tí sáńpù tiẹ̀ kéré sí ìyẹn jìnnà ní rárá, Roosevelt ni. Ìgbà tí ìbò dé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni Roosevelt kó. Ibo ni Digest ti rí orúkọ tó kọ̀wé sí? Inú ìwé àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò, lásìkò tí ìyà ń jẹ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé olówó ló ń ní wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí inú ń bí ló sáré dá ìwé padà, àwọn tó kù dákẹ́. Àwọn tálákà tó fẹ́ Roosevelt ò sí nínú àpò tí wọ́n bu sáńpù nínú ẹ̀.

Torí náà tíṣà wa, ìbò orí WhatsApp tí wọ́n máa ń ṣe nínú gúrúùpù, "ta lẹ máa dìbò fún, ẹ tẹ ibí", ẹ gbádùn ẹ̀, àmọ́ ẹ má pè é ní ìwádìí. Ẹni tó ní fóònù, tó ní dátà, tó wà nínú gúrúùpù yẹn, tó tún ráyè tẹ̀ ẹ́ nìkan ni wọ́n kà. Ìyá àgbà tó wà lóko ní Òde-Èkìtì tó máa ń tètè dé ibùdó ìbò ju gbogbo wa lọ, ta ló bi òun? Ohun kan tó tún yẹ kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ: tí ìwádìí bá ní àlàfo 3 sókè 3 sísàlẹ̀, tí ẹnì kan ní 48, tí èkejì ní 50, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣíwájú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin kan ń ta oògùn olómi kan ládùúgbò wa, ó ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó mu ún fún ọ̀fìnkìn àti ara ríro, ara mẹ́sàn-án ló yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgò kan wọ́n gan-an o, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n rà á?
— Ìyàwó ilé, Ìdó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ dì í mú ná. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ bi í léèrè: nínú èèyàn mẹ́wàá tí ò mu nǹkan kan, mélòó lara ẹ̀ yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án náà ni ara wọn yá láìmu nǹkan kan, oògùn yẹn ò ṣe iṣẹ́ kankan, ọ̀sẹ̀ kan ló ṣiṣẹ́. Mi ò sọ pé oògùn ìbílẹ̀ ò dáa o, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa sọ tó bá jẹ́ oògùn òyìnbó, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ò ní ẹnì kejì tí a ó fi wé e ò lè sọ nǹkan kan fún wa.

Dókítà ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń jẹ́ James Lind. Ní 1747, àwọn atukọ̀ ń kú nítorí àìsàn kan tó máa ń jẹ́ kí erìgì wú kó máa ṣẹ̀jẹ̀, kí ara máa rẹ̀ wọ́n. Ó mú àwọn méjìlá tí àìsàn wọn jọra, ó fi wọ́n síbì kan náà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ó wá pín wọn ní méjì méjì, ó fún àwọn méjì kan ní ọtí kíkan, ó fún àwọn méjì ní omi òkun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fún àwọn méjì ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ ọsàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjìlá ló kó ọsàn fún tí gbogbo wọn sì yá, kì bá mọ̀ bóyá ọsàn ni àbí ìsinmi. Lóde òní, kèké ni wọ́n fi ń pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì kí dókítà má baà máa yan àwọn tí ara wọn le fún oògùn tó fẹ́ràn.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé tí nǹkan méjì bá ń rìn pọ̀, ìyẹn ò sọ pé ọ̀kan ló bí ìkejì. Tí òjò bá dé, agbòjò máa ń tà, ibà náà sì máa ń pọ̀. Agbòjò ò fa ibà. Òjò ló fa méjèèjì, òjò ló ń kó omi sílẹ̀ tí ẹ̀fọn ń yé sí.

Àti pé ta ni àwọn mẹ́wàá yẹn, àǹtí? Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá kì í padà wá kí ọlọ́jà.

ÌBÉÈRÈ: Agùnbánirọ̀ ni mí. Wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe jẹ́ pasẹ́ǹtì 33.3 ní ìparí 2020, ó wá di 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Níbo niṣẹ́ wọ̀nyí wà, kí n lọ gba tèmi?
— Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìtumọ̀ ni wọ́n yí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tó wákàtí 20 láàárín ọ̀sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Ní 2023 wọ́n gba ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, wákàtí kan péré tó bá mówó wọlé lọ́sẹ̀ ti sọ èèyàn di oníṣẹ́. Ìlànà yẹn dáa fún ká lè fi ara wa wé àwọn orílẹ̀-èdè mìíì, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá owó wákàtí kan yẹn tó jẹun. Tí ẹ bá ń kà á, ẹ wá iye àwọn tí iṣẹ́ wọn ò tó wákàtí tí wọ́n fẹ́, inú ìwé kan náà ló máa ń wà.

ÌBÉÈRÈ: Èèyàn mélòó ló wà ní Èkìtì gan-an? Oríṣiríṣi nọ́ńbà ni mò ń rí.
— Aramọkọ

ÌDÁHÙN: Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ni ti 2006, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 ni wọ́n kà ní Èkìtì nígbà yẹn, Nàìjíríà lápapọ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 140. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń dìbò báyìí. Wọ́n fẹ́ ṣe òmíì ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí tó yàtọ̀ sí ti 2006, àfojúbù ni, ìyẹn ni pé wọ́n mú ti àtijọ́, wọ́n fi bí wọ́n ṣe rò pé èèyàn ń pọ̀ sí i ṣírò ẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an ni, torí láti orí nọ́ńbà yìí ni wọ́n ti ń pín nọ́ọ̀sì, tíṣà àti oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára, abúlé tó sì ti di ìlú á ṣì máa gba ìpín abúlé.

ÌBÉÈRÈ: Búkà iyán ni mo ní, ní ìtòsí yunifásítì ní Ìwòròkò. Mi ò mọ ìwé púpọ̀. Ọjọ́ kan iyán á ṣẹ́kù, ọjọ́ kejì àwọn ọmọléèwé á dé tí kò ní sí. Ọmọ mi ní average ti mò ń tà jẹ́ abọ́ 60, pé kí n máa gún 60. Mo ń gún 60, wàhálà ò tán.
— Ìyá oníyán

ÌDÁHÙN: Ìyá oníyán, ẹ mọ̀wé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ yín gbìyànjú àmọ́ ó gbàgbé nǹkan kan tó ṣe pàtàkì ju average lọ nínú òwò oúnjẹ: bí ọjọ́ kan ṣe jìnnà sí ìkejì. Ká ní búkà kan ta abọ́ 58, 60, 61, 59, 62 láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àròpọ̀ ẹ̀ 300, average 60. Búkà kejì ta 20, 110, 35, 95, 40. Òun náà 300, òun náà 60! Ẹni àkọ́kọ́ lè máa gún 60 lójoojúmọ́ kó sì sùn dáadáa. Ẹnì kejì tó bá gún 60, iyán 40 á ṣẹ́kù lọ́jọ́ kan, á sì lé 50 èèyàn padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníṣirò ní orúkọ àti ìṣirò gígùn fún ìjìnnà síra yẹn, ẹ ò nílò ẹ̀, ẹ sáà wo èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ẹ máa mọ irú búkà tí tiyín jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ ra ìwé ẹ̀sásáìsì kan. Lálaalẹ́, kẹ́ ẹ tó ti búkà, ẹ ní kí ọmọ yín kọ ọ́: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni, abọ́ mélòó la tà, òjò rọ̀ àbí kò rọ̀, iléèwé wọlé àbí wọ́n wà ní ìsinmi. Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í kọ, òun ló sì ṣe kókó jù: lọ́jọ́ tí iyán bá tán, ẹ kọ iye àwọn tó dé lẹ́yìn tó tán, tí ẹ dá padà. Tí ẹ ò bá kọ wọ́n, ìwé yín á máa sọ pé 60 lẹ tà, bẹ́ẹ̀ èèyàn 90 ló fẹ́ jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ kó gbogbo Mọ́ńdè pa pọ̀, gbogbo Tiúsìdeè pa pọ̀, títí dé Sátidé, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ra o, kẹ́ ẹ wá wo iye tó wà láàárín fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Iyẹn ni kí ẹ máa gún. Kẹ́ ẹ fi iṣu díẹ̀ tí ẹ ti bó sínú omi sílẹ̀ fún ọjọ́ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iṣu tí a ò tíì sè ṣì ṣe é lò lọ́la.

Tí oṣù méjì yẹn bá pé, ẹ ya àwòrán ojú ìwé ẹ̀sásáìsì yẹn pẹ̀lú fóònù ọmọ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a máa jọ wò ó.